Bí Ògúnrónbí Ṣe Tún Ọ̀bẹ Ìjà Rọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kí ó wú u tán báyìí. Ẹni tí iṣu rẹ̀ wà lórí iná, kí ó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó padà wá, nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Ẹ kúkú mọ̀ mí. Èmi ni ọdẹ tí ó bá ẹfọ̀n du omi nínú odò kan ṣoṣo, tí ẹfọ̀n sì bínú lọ wá omi mìíràn mu. Ẹkùn tí ó bá rí ipasẹ̀ mi lójú ọ̀nà, á kọ́kọ́ dúró ronú bóyá mo ti jẹun kí ó tó kọjá. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ìtàn ọkùnrin kan ni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ju ọwọ́ mi lọ, tí ojú rẹ̀ sì rí ohun tí n kò gbàdúrà kí tèmi rí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún mi, nígbà tí irun orí rẹ̀ ti funfun bí òwú.

Orúkọ rẹ̀ ni Ògúnrónbí, alágbẹ̀dẹ ìlú Arérè. Baba rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, baba ìyá rẹ̀ jẹ́ alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ irin ni òun sì yàn. Ní gbogbo agbègbè náà, kò sí ẹni tí ń rọ ọ̀bẹ ìjà bíi tirẹ̀. Kì í ṣe ọ̀bẹ tí à ń fi rẹ́ ẹ̀fọ́ ni mò ń wí o. Ọ̀bẹ tí ó gùn láti ìgúnpá dé orí ìka ni, tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tí ẹnu rẹ̀ ká sókè díẹ̀ bí àgógó ẹyẹ. Eku rẹ̀, ibi tí à ń dì mú, igi apá ni. Ògúnrónbí á fi yanrìn ha igi náà, á fi epo ra á, á tún ha á, títí yóò fi máa dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó tuntun. Àwọn ènìyàn a máa ti ìlú méje wá wò ó. Òun náà mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá tọ́ka sí àléébù kan lára rẹ̀, á ní kí ó lọ rọ tirẹ̀.

Ní àkókò yẹn, ẹ̀dá kan ń gbé inú Igbó Àìwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Abìjàwàrà. Ó ga ju ènìyàn mẹ́ta lọ, èèpo igi ni awọ ara rẹ̀, ọta ìbọn kò sì ràn án. Bí ọta bá bà á, á gbọ̀n ọ́n dànù bí ẹni gbọn èèrà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ó ń jáde sí ọ̀nà odò Arérè, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ni ó ń gbé lọ. Ibì kan ṣoṣo ni ara rẹ̀ ti rọ̀: abẹ́ àyà rẹ̀ níhà òsì, ibi tí èèpo náà ti sán. Ènìyàn kò sì lè dé ibẹ̀ àfi ìgbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ẹni lọ. Ìyẹn ni pé ọ̀bẹ ni yóò pa á, bí ohunkóhun yóò bá pa á.

Àwọn ọdẹ wá bá Ògúnrónbí, ó sì rọ ọ̀bẹ méje fún wọn. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni ó gbé fún àbúrò rẹ̀, Ọdẹ́gbàmí, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó kù láyé. Ọdẹ́gbàmí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó di ọ̀bẹ náà mú, ó jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì, ó wá rọra sọ pé eku rẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́ òun díẹ̀, bóyá kí òun fi okùn wé e. Ògúnrónbí rẹ́rìn-ín. Ó bi í léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀bọ ní igi gígùn. Ọdẹ́gbàmí bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú, ó sì mú ọ̀bẹ náà lọ bí ó ṣe wà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Abìjàwàrà jáde. Orí òkìtì kan lẹ́bàá ọ̀nà ni Ògúnrónbí dúró sí, nítorí ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe. Ó rí i. Ọdẹ́gbàmí ni ó kọ́kọ́ yọ sí i. Ó gún un lẹ́ẹ̀kan, èèpo ni ọ̀bẹ bà, oje tó ń yọ̀ sì ta láti ara èèpo náà sí i lọ́wọ́. Ó tún gún un, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ lórí eku dídán náà, nígbà tí kò sì sí ohunkóhun láàárín eku àti ojú ọ̀bẹ tí ó lè dá ọwọ́ dúró, gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ya lọ sórí ojú ọ̀bẹ. Ìka mẹ́ta já bọ́ sórí koríko. Abìjàwàrà gbé e sí èjìká bí ẹni gbé ìdì igi. Àwọn ọdẹ méjì sáré gún un láti dá a dúró. Ọ̀bẹ ẹnìkan kán níbi eku, ẹnu ti èkejì tẹ̀ bí ọ̀mùnú ewé. Àwọn tó kù fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ògúnrónbí sọ̀ kalẹ̀, ó sáré títí èémí rẹ̀ fi fẹ́ pin, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ nìkan ni ó bá nílẹ̀ àti àwọn ìka náà. Ó fi ewé pọ́n àwọn ìka, ó gbé wọn lọ bá ìyá òun àti Ọdẹ́gbàmí. Màmá tú ewé náà. Ó wo ìka mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ó gbójú sókè, ó wo ọwọ́ Ògúnrónbí tí ìka rẹ̀ pé. Ògúnrónbí kò lè jókòó sínú ilé yẹn mọ́. Ó mú ọ̀bẹ tí ó já àbúrò rẹ̀ kulẹ̀, ó gbọ̀nà Igbó Àìwọ̀ lọ.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ìrìn dá yín lágara. Ó rìn títí ẹsẹ̀ fi gbàgbé ilé. Níbi tí ọ̀nà ti fún, ó bá arúgbó obìnrin kan tó jókòó dí i, ọwọ́ mẹ́rìndínlógún sì ni ó wà lára ìyá náà. Ọwọ́ kan ń yúnra, òmíràn ń ka hóró àgbàdo, òmíràn ń lé eṣinṣin. Ògúnrónbí dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun kọjá.

Ìyá náà ní, “Ọmọ kan wà tí ìwọ fúnra rẹ bí. Ó ń bá ọ rìn, ó ń bá ọ jà. Nígbà tí ìjà bá gbóná tán, ta ni ó kọ́kọ́ ń bù jẹ?”

Ògúnrónbí ní ajá ni, á bu ọ̀tá jẹ. Ọwọ́ mẹ́rin gbá a létí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ahọ́n ni, á bu ọ̀rẹ́ jẹ. Ọwọ́ mẹ́jọ ni ó bá a. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, bí ó bá jẹ́ èmi ni, mo ti dáhùn kí ìyá náà tó la ẹnu tán, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́kàn rẹ̀ kì í tètè rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà gbé gbogbo ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sókè, Ògúnrónbí wólẹ̀, ó sì sọ ọ́ jáde: “Ọ̀bẹ mi ni. Ẹni tó dì í mú ni ó ń bù jẹ.”

Ìyá náà sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún un pé ó ti mọ èsì yìí kí ó tó kúrò nílé. Ó ní ìlú tó wà níwájú ni Ìlú Àwọn Tí Ọ̀bẹ Já Kulẹ̀, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó dé ọ̀dọ̀ Abìjàwàrà. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fún un níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kúrò nílẹ̀ títí onítọ̀hún yóò fi sọ ọ́ tán.

Ọ̀sán gangan ni ó wọ ìlú náà. Wọ́n ń gúnyán, wọ́n ń ta ayò, ọmọdé ń súfèé, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan tí ara rẹ̀ pé. Òkú ni wọ́n, òkú tí kò tíì rí ẹni gbọ́ ẹjọ́ wọn. Bí wọ́n ti rí ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Obìnrin ọdẹ kan tó síngbọnlẹ̀, Ọdẹ́bùnmi ni orúkọ rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ súnmọ́ ọn, ẹsẹ̀ Ògúnrónbí sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbìn.

Ọdẹ́bùnmi kò pariwo. Ó ní inú oko ni òun wà pẹ̀lú ọmọ òun nígbà tí ẹkùn já lu àwọn. Òun fa ọ̀bẹ yọ, òun gún ẹkùn náà dáadáa, ó sì wọlé. Nígbà tí òun fẹ́ fà á yọ láti tún un gún, eku nìkan ni ó wá sọ́wọ́ òun. Ìrù irin tó wọ inú eku náà kò ju ọmọ ìka ọwọ́ lọ, oje igi ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ó ní òun dúró níbẹ̀ pẹ̀lú igi dídán kan lọ́wọ́, òun sì ń wo ọmọ òun. Lẹ́yìn náà ó yí ọ̀bẹ ọwọ́ Ògúnrónbí padà, ó fi àmì alágbẹ̀dẹ tó wà nídìí rẹ̀ hàn án. Àmì kan náà ni ó wà lára ọ̀bẹ tirẹ̀.

Òmíràn tẹ̀lé e. Ọ̀kan sọ bí orí ọ̀bẹ ṣe wúwo jù, tó fi jẹ́ pé nígbà tí òun fì í lẹ́ẹ̀kẹta, apá òun kò tètè padà wá dáàbò bo òun. Bàbá kan sọ pé ọ̀bẹ tòun fọ́ bí ìkòkò ní ọjọ́ ọyẹ́, nítorí ẹni tó rọ ọ́ kánjú rì í bọ omi. Wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀. Àwọn kan nínú wọn, alágbẹ̀dẹ mìíràn ni ó rọ tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó rí àmì ara rẹ̀ lára ọ̀bẹ wọn, ó kà wọ́n títí ó fi ṣíwọ́ kíkà. Ó fẹ́ di etí, apá rẹ̀ rọ. Ó fẹ́ sáré, ilẹ̀ kò yọ̀ǹda rẹ̀. Ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ọjà, ó ń sọ pé òun kò mọ̀, pé kò sí ẹni tó sọ fún òun rí, pé ìyìn nìkan ni òun máa ń gbọ́.

Ọdẹ́bùnmi ní, “Ta ni ì bá sọ fún ọ? Àwọn tó ń yìn ọ́ kò fi ọ̀bẹ rẹ ja ìjà rí. Gbogbo àwa tí a mọ̀, ibí ni a wà.”

Àgbẹ̀dẹ kan wà láàárín ìlú náà tí kò ní alágbẹ̀dẹ. Iná rẹ̀ ń jó, ẹwìrì ń fẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n mú un lọ síbẹ̀. Ó rọ ọ̀bẹ náà dọ̀tun, wọ́n gbà á, wọ́n ṣá a mọ́ kùkùté igi ayan, ó kán. Ó tún un rọ. Wọ́n yí i láàárín àpáta méjì, ó tẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ó bẹ̀ wọ́n pé kí òun sinmi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Òòlù ń lọ sókè sódò bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ń lù ú. Ó wá yé e pé kò sí ohun tí òun lè ṣe ju kí òun tẹ́tí lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè. Ó bi ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ wúwo lórí pé ibo ni kí òun ti dín irin kù. Ọkùnrin náà fi ìka rẹ̀ hàn án, Ògúnrónbí sì gbẹ́ ihò gbọọrọ kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ náà lókè, títí tí ó fi dúró gbọnrangandan lórí ìka kan nítòsí eku. Ó fa ìrù irin gùn la inú eku já, ó sì lù ú tẹ̀ ní ìdí kí ó má baà fà yọ. Ó fi ìwo ẹfọ̀n rọ́pò igi apá. Kò ha á, ó jẹ́ kí ó rí gbágungbàgun, ó gbẹ́ ibi tí ìka yóò sùn sí, ó tẹ ìdí rẹ̀ wọnú kí ọwọ́ má baà yọ jáde. Ó pọ́n ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà láti ẹnu wá dé ìwọ̀n ọwọ́ kan, kí ó lè gé ní lílọ àti ní bíbọ̀. Láàárín eku àti ojú ọ̀bẹ, ó fi ọ̀pá ide kan dábùú, kí ọwọ́ tó bá yọ̀ lè bá nǹkan pàdé kí ó tó bá ojú ọ̀bẹ.

Àwọn baba wa ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ eku idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọdẹ́bùnmi bu epo pupa sí ọwọ́ rẹ̀ tí ìka rẹ̀ kò pé, ó di eku náà mú, ó sì gún kùkùté ayan lẹ́ẹ̀méje. Ó yẹ ọwọ́ wò. Ó fi epo nù mọ́ ìdí ẹwìrì, ó dá ọ̀bẹ náà padà fún Ògúnrónbí, ó ní kí ó máa lọ.

Orí àpáta kan ni ó ti bá Abìjàwàrà tó jókòó ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì. Ó rí ohun tó wà láyà ẹ̀dá náà. Ọdẹ́gbàmí ni. Ẹ̀dá náà ti fi ìtàkùn so ó mọ́ àyà ara rẹ̀, Ọdẹ́gbàmí kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú síta, gẹ́lẹ́ sórí ibi tí èèpo rẹ̀ ti sán. Ó ti gbẹ bí igi ìdáná, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là.

Abìjàwàrà kò tilẹ̀ dìde. Ó ní, “Alágbẹ̀dẹ, mo ti ń gbọ́ ìró òòlù rẹ. Máa bọ̀, gún mi.”

Ògúnrónbí gbé apá sókè, apá náà sì dúró lókè. Ó yí i po, ó gún un lẹ́yìn, èèpo ni. Ó gún un ní ìhà, ó ṣá a ní itan. Ọ̀bẹ náà kò tẹ̀, kò kán, kò yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ọ̀bẹ tó dára jù lọ tí ó rọ láyé rẹ̀, kò sì wúlò ju igi ìfọyín lọ. Abìjàwàrà yán. Ògúnrónbí jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ìgbà náà ni Ọdẹ́gbàmí sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e fún mi.”

“Ìka méjì ló kù lọ́wọ́ rẹ.”

“Mo mọ iye tó kù.”

Ògúnrónbí dìde, ó fi eku náà sí ọwọ́ kan ṣoṣo tí ìtàkùn kò dè lára àbúrò rẹ̀. Nígbà tí Abìjàwàrà rí ọwọ́ oníka méjì tó di ọ̀bẹ mú, ẹ̀rín pa á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi da orí sẹ́yìn. Ọdẹ́gbàmí yí ẹnu ọ̀bẹ náà padà sí abẹ́ abíyá ara rẹ̀, ó ti ọ̀pá ide náà pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù fún un. Ọ̀bẹ wọlé dé eku. Ẹ̀dá náà ké, ó fò dìde, ó mi igbó jìgìjìgì, lẹ́yìn náà ó dojú bolẹ̀.

Ó dojú bolẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àyà ni ó fi lélẹ̀.

Ògúnrónbí sáré mú apá ẹ̀dá náà, ó fà á. Ta ni í fa òkè nílẹ̀? Ó fi igi wọ́ ọ, igi kán. Ó fi èékánná gbẹ́lẹ̀, àpáta ni ó bá. Ó sì ń gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀dá náà. Ọdẹ́gbàmí béèrè Màmá. Ó béèrè bóyá àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti yọ irùkẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó yé gbẹ́lẹ̀, kí ó kàn jókòó ti òun. Ògúnrónbí jókòó, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀.

Ohùn náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò yọ̀ lọ́wọ́ mi.”

Kí oòrùn tó wọ̀, ohùn náà ti dákẹ́. Kò rí òkú náà gbé jáde, kò sì rí ọ̀bẹ náà gbà padà.

Arérè fi ijó pàdé rẹ̀. Wọ́n gbé e lé èjìká, ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó ní òun kọ́ ni òun pa á, wọ́n ní akọni kì í fẹnu ara rẹ̀ ròyìn ara rẹ̀. Nígbà tí ó dé iwájú ìyá rẹ̀, ó rò gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Ìbéèrè kan ni Màmá bi í, pé ṣé Ọdẹ́gbàmí jìyà pẹ́. Ó ní rárá. Irọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú ìtàn náà nìyẹn, ó sì sọ fún mi pé bí òun bá tún ayé wá, òun yóò tún un pa.

Ó padà sí ìdí iṣẹ́. Irú ọ̀bẹ tuntun náà ni ó ń rọ fún gbogbo ọdẹ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé àléébù kò lè ṣàì kù sí i. Á gbé e fún ọdẹ, á fi epo sí i lọ́wọ́, á bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun wá ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ọdẹ á dọ̀bálẹ̀, á ní, “Baba, kò sí.” Ta ni yóò sọ pé ọ̀bẹ ẹni tó pa Abìjàwàrà kò dára? Ó bẹ̀ wọ́n, ó bínú sí wọn, ó tilẹ̀ da omijé níwájú wọn. Bí ó ṣe ń bẹ̀ wọ́n tó ni wọ́n ń yìn ín tó.

Ọjọ́ tí ó sọ ìtàn yìí fún mi, ó fa ọ̀bẹ kan yọ nínú àkọ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ọdẹ, wọ́n ní o kò bẹ̀rù nǹkan kan. Bá mi wá àléébù rẹ̀.” Mo dì í mú, mo fì í lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pá ide rẹ̀ kúrú díẹ̀, ó ń ta mí ní àtàǹpàkò. Mo gbójú sókè, mo rí ojú bàbá náà tó ń wò mí, tó ń retí.

Èmi tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo ní, “Baba, kò sí.”

Ẹsẹ̀ ìtàn mi kò ju ibẹ̀ lọ. Ẹ dìde, ẹ lọ wo iṣu yín.